Kúnlé ní òun ń bọ̀: kí ló sọ "is" di "was"?

Bàbá tó jẹ́ akọ̀wé ìpàdé lándílọ́ọ̀dù àdúgbò wa gbé ìwé mínìtì wá bá mi. Wọ́n ní kí n bá àwọn yẹ̀ ẹ́ wò kí àwọn tó kà á síta. Ibi tí ojú mi kọ́kọ́ bà lé nìyí: "The chairman said the gate will be repaired on Saturday." Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, Sátidé wo?" Wọ́n ní ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni. Géètì ọ̀hún kò tíì ṣeé tì títí di òní, àmọ́ ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ gírámà.

Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ni mí. Àṣìṣe yìí kì í yà mí lẹ́nu, torí mo mọ ibi tó ti ń wá. Yorùbá kì í fọwọ́ kan àsìkò ọ̀rọ̀-ìṣe ("tense") tó bá ń gba ọ̀rọ̀ ẹlòmíì sọ. Kúnlé wí lánàá pé, "Mò ń bọ̀." Lónìí, a ó ní, "Kúnlé ní òun ń bọ̀." "Ń" kò kúrò níbi tó wà, "mo" ló di "òun". Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ni Yorùbá ń ṣọ́. "Kúnlé ní òun ti jẹun" yàtọ̀ pátápátá sí "Kúnlé ní ó ti jẹun": nínú ti ẹ̀yìn yìí, ẹlòmíì ló jẹun. Ẹ wá gbé e dé Gẹ̀ẹ́sì: "Kunle said he had eaten." Ta ló jẹun? Gẹ̀ẹ́sì ò sọ, torí kò ní "òun". Àsìkò ni tiẹ̀ ń ṣọ́.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí "said" bá ti ṣáájú, ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀lé e á sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan. "Am coming" á di "was coming", "have paid" á di "had paid", "will" á di "would", "can" á di "could". "Tomorrow" pàápàá á di "the next day". Tó bá jẹ́ "says" ló ṣáájú, kò sóhun tó ń sún.

Àwọn tó ti mọ òfin yìí dáadáa ló tún ń ṣe àṣejù. Wọ́n á kọ "Mama said she had been born in 1958." Ọdún ti sọ ìgbà, "was born" ti tó.

Bí ọ̀rọ̀ bá ṣì rí bẹ́ẹ̀ títí di ìsinsìnyí ńkọ́? Kúnlé ní bàbá òun wà ní Ìlọrin, bàbá ò sì tíì kúrò níbẹ̀. "Kunle said his father is in Ilorin" tọ̀nà, "was" náà tọ̀nà. Lójú tèmi, ẹni tó bá lo "is" ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá Kúnlé jẹ́rìí sí i; ẹni tó lo "was" fi ẹrù sílẹ̀ lórí ẹni tó ni ín. Bí ẹ ò bá fẹ́ ṣe onígbọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, ẹ lo "was".

Ká padà sórí mínìtì. Lálẹ́ ọjọ́ ìpàdé, "will" kò burú, torí Sátidé ṣì ń bọ̀. Àmọ́ ìpàdé tó ń bọ̀ la máa ń ka mínìtì, Sátidé á sì ti lọ. "Would" ni kí akọ̀wé máa lò, kó sì fi déètì sí i: "would be repaired on Saturday, 14 June."

Bàbá tún un kọ. Wọ́n wá bi mí pé, "Tíṣà, ṣé mo lè fi 'but it was not repaired' kún un?" Mo ní gírámà rẹ̀ dán mọ́rán sà, kí wọ́n bi alága léèrè ìyókù.