Oòrùn pọ̀ lójú ọ̀run, kí ló dé tí titanium dioxide kì í rí púpọ̀ lò nínú rẹ̀?

Ìbéèrè: Kí ni iṣẹ́ fọ́tòkátálísítì, irú bíi titanium dioxide, gan-an?

Ohun líle ni, lẹ́búlẹ́bú ló sì sábà máa ń jẹ́. Ó ń gba ìmọ́lẹ̀ sára, ó ń fi agbára rẹ̀ ṣe iṣẹ́ kẹ́míkà, síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ kì í tán. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan á fò lọ sí ipò tó ga ju tirẹ̀ lọ, á sì fi ihò sílẹ̀ níbi tó ti kúrò. Àwọn méjèèjì yìí ló ń ṣiṣẹ́: wọ́n lè ba ìdọ̀tí inú omi jẹ́, wọ́n sì lè ya omi sí háídrójìn àti ọ́síjìn. Akira Fujishima àti Kenichi Honda, ní Japan, fi hàn ní 1972 pé titanium dioxide lè fi ìmọ́lẹ̀ ya omi bẹ́ẹ̀. Òun náà ló ń mú kí ọ̀dà ilé funfun.

Ìbéèrè: Oòrùn tiwa mú ganrínganrín. Kí ló wá kù?

Nínú anatase, ọ̀kan lára irú kírísítálì titanium dioxide, àlàfo tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ní láti fò kọjá tó 3.2 electronvolt (ìwọ̀n agbára tó kéré gan-an). Ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ bá gùn ju nǹkan bíi 388 nanometer (ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà ni nanometer kan) lọ kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ojú wa kì í ríran dáadáa àfi láti bíi 400. Ìtànṣán ultraviolet, tí ojú wa kì í rí, nìkan ló kù fún un, ìyẹn kò sì ju bíi 5 nínú 100 agbára oòrùn tó ń dé ilẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí ló kó ohun tó ju 40 nínú 100 lọ.

Ẹyọ ẹyọ ni ìmọ́lẹ̀ ń dé, wọn kì í sì í da agbára pọ̀. Bí ọgọ́rùn-ún ọmọdé bá ń fò sókè lábẹ́ igi ọsàn, tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn kò tó ẹ̀ka, pípọ̀ wọn kò ní já ọsàn kankan.

Ìbéèrè: Ṣé wọn ò kúkú lè sọ ọ́ di aláwọ̀, kó lè gba ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí ni?

Wọ́n ṣe é. Ní 2001, Ryoji Asahi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi náítrójìn rọ́pò díẹ̀ nínú ọ́síjìn inú rẹ̀. Ó di aláwọ̀ ìyeyè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí. Ibi tí mo ti ń rọ àwọn òǹkàwé pé kí wọ́n fara balẹ̀ nìyí: gbígba ìmọ́lẹ̀ yàtọ̀ sí ṣíṣe iṣẹ́. Ojú ibi tí wọ́n ti fi èròjà àjèjì sí lè di pàkúté tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ti ń ṣubú padà sínú ihò, tí gbogbo agbára á sì di ooru lásán.

Ìbéèrè: Kò sí èyí tí wọ́n bí láwọ̀?

Ó wà. Bismuth vanadate pọ́n bí ìyeyè, àlàfo rẹ̀ jẹ́ 2.4 electronvolt. Ó mọ ọ́síjìn yọ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ kò ga tó láti yọ háídrójìn. Cadmium sulfide lè ṣe méjèèjì lórí ìwé, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ kan náà ń mú kó jẹ ara rẹ̀ nínú omi, cadmium sì jẹ́ májèlé.

Èyí tí inú mi dùn sí jù ni carbon nitride, tí Xinchen Wang, Kazunari Domen, Markus Antonietti àti àwọn mìíràn gbé jáde ní 2009. Kò sí irin kankan nínú rẹ̀. Urea, ajílẹ̀ tí àgbẹ̀ ń wọ́n sí oko àgbàdo, ni wọ́n lè fi ṣe é, bí wọ́n bá dé e mọ́nú ìkòkò yíyan tí wọ́n sì gbé e sínú iná tó tó bíi 550 ìwọ̀n Celsius. Yàrá ìwádìí tí kò lówó lọ́wọ́ náà lè ṣe é. (Ẹ má dán an wò nílé o, amóníà ń tú jáde nínú rẹ̀.) Àìlera rẹ̀ ni pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ ń tètè padà sínú ihò, kì í sì í gba ìmọ́lẹ̀ kọjá bíi 460 nanometer.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ ìwádìí tó ṣeé gbà gbọ́?

Ẹ wo ohun tí wọ́n fi dán an wò. Ọ̀pọ̀ ń lo methylene blue, aró aláwọ̀ búlúù: bí àwọ̀ bá ti lọ, wọ́n á ní lẹ́búlẹ́bú náà ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n aró yẹn fúnra rẹ̀ ń gba ìmọ́lẹ̀, ó lè ti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sínú lẹ́búlẹ́bú kó sì bàjẹ́, láìjẹ́ pé lẹ́búlẹ́bú gba ìmọ́lẹ̀ kankan. Aró sì tún lè kàn lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó yẹ kí wọ́n tún un ṣe nínú òkùnkùn, kí wọ́n tún un ṣe láìsí lẹ́búlẹ́bú, kí wọ́n sì lo ìdọ̀tí tí kò láwọ̀, bíi phenol. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, àwa tí omi àdìrẹ ń ṣàn lọ sínú gọ́tà wa: omi tí àwọ̀ rẹ̀ lọ lè ṣì ní ẹ̀rún kẹ́míkà nínú.

Ìbéèrè: Ibo ni wọ́n bá a dé?

Ní 2020, ikọ̀ Domen fi fọ́tòkátálísítì mìíràn hàn, strontium titanate tí wọ́n fi aluminium kún, tó ń lo bíi 96 nínú 100 ẹyọ ìmọ́lẹ̀ tó bà á láàárín 350 sí 360 nanometer. Nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ sí ìta lórí 100 mítà onígun mẹ́rin, kò sọ ju 0.76 nínú 100 agbára oòrùn di háídrójìn, nítorí ultraviolet nìkan ló ń lò. Ní báyìí, wọ́n ń wá bí tantalum nitride, tó pupa tó sì ń gba ìmọ́lẹ̀ dé bíi 600 nanometer, ṣe máa lo ẹyọ ìmọ́lẹ̀ dáadáa bẹ́ẹ̀; àbùkù inú kírísítálì rẹ̀ ló ṣì ń gbé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mì.