Ẹsẹ̀ ló ń sunkún, kì í ṣe irin

Bí orin country rock ayé ọjọ́un bá dé ibi tí gìtá kan ti ń sunkún lẹ́yìn akọrin, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ ni pé irin tí olórin ń fà gba orí okùn ló ń dún bẹ́ẹ̀. Àlàyé yẹn ò tọ̀nà, ó sì ti pẹ́ tó ti ń bo ọgbọ́n inú gìtá náà mọ́lẹ̀. Pedal steel ni wọ́n ń pè é: gìtá onírin tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ bíi tábìlì, tó ní pẹ́dálì tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Irin wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ọwọ́ òsì ló ń dì í mú, orí okùn ló sì ń gbé e lé, níbi tí onígìtá mìíràn ì bá ti fi ìka tẹ okùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọwọ́ òsì ẹni tó mọ̀ ọ́n ta, lásìkò tí ẹkún náà dùn jù lọ: lọ́pọ̀ ìgbà, ọwọ́ náà kì í kúrò lójú kan. Abẹ́ gìtá ni iṣẹ́ ti ń lọ, lẹ́sẹ̀ òsì àti ní orúnkún méjèèjì.

Fífa irin lórí okùn ti dàgbà ju pedal steel lọ. Hawaii ló ti wá, Joseph Kekuku ni wọ́n sì máa ń dárúkọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó dá a sílẹ̀ níparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ó dùn, àmọ́ ó níbi tí agbára rẹ̀ mọ. Irin gbọọrọ kan ṣoṣo ló dábùú gbogbo okùn. Bó bá sún sókè, gbogbo ohùn ló máa bá a gòkè. Bó bá sún sílẹ̀, gbogbo wọn ló máa bá a sọ̀. Olórin lè jẹ́ kí irin náà fì sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ohùn méjì má bàa rìn pọ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni ìyẹn lè ṣe. Ohun tí ọwọ́ ò lè ṣe fàlàlà ni pé kí ohùn kan dúró gbọn-in, kí èkejì tó ń dún pẹ̀lú rẹ̀ máa gòkè. Ohun tí wọ́n fi ń dá pedal steel mọ̀ sì nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ irin yàtọ̀ sí iṣẹ́ ẹsẹ̀ nínú àwo orin, kó tẹ́tí sí ohùn tí kò mira. Bí gbogbo ohùn bá jọ ń yọ̀ lọ, irin ni. Bí ọ̀kan bá dúró tí òmíràn ń rìn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ ni, tàbí orúnkún.

Pẹ́dálì fúnra rẹ̀ kọ́ ni àràbarà. Kí ọdún 1953 tó dé, àwọn gìtá onírin kan ti ní pẹ́dálì, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń lò ó fún ni láti yí ìtò okùn padà, ìyẹn ohùn tí wọ́n to okùn kọ̀ọ̀kan sí, kí wọ́n tó ta nǹkan mìíràn. Wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ bó ṣe ń yí. Níparí ọdún 1953, nígbà tí Webb Pierce, akọrin country, ń gba orin rẹ̀ “Slowly” sílẹ̀, Bud Isaacs tó ń ta gìtá onírin fún un tẹ pẹ́dálì nígbà tí okùn ṣì ń dún lọ́wọ́. Ohùn méjì gbéra létí olùgbọ́, wọ́n gòkè, ẹ̀kẹta ò kúrò níbi tó wà. Orin náà gba ipò kìíní lórí àtẹ orin country lọ́dún 1954, àwọn tó ń ta gìtá onírin sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá pẹ́dálì kiri.

Ẹni tó bá ti bá ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kọ do-re-mi rí á tètè lóye ohun tí pẹ́dálì yẹn ṣe. Nínú ìtò E9, èyí tó wọ́pọ̀ jù, tí okùn rẹ̀ jẹ́ mẹ́wàá, bí irin bá jókòó sójú kan tí ẹsẹ̀ ò tẹ nǹkan kan, do, mi àti sol wà nílẹ̀. Tẹ pẹ́dálì irú ti Isaacs: mi gun fa, sol gun la, do ò mira. Kọ́ọ̀dù, ìyẹn àkójọ ohùn tó ń dún pọ̀, ti kúrò ní ti kìíní tó dúró lórí do, ó ti di ti kẹrin tó dúró lórí fa. Gbé ẹsẹ̀ kúrò: fa padà sí mi, la padà sí sol. Ìpadàbọ̀ yìí kan náà ni ìjọ ń kọ sí “Àmín” níparí orin ìsìn.

Buddy Emmons, olórin pedal steel mìíràn, ló wá pín pẹ́dálì kan yẹn sí méjì, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n ẹ̀rọ yìí ti jinlẹ̀ jù lọ. Pẹ́dálì A ń gbé sol lọ sí la nìkan, pẹ́dálì B ń gbé mi lọ sí fa nìkan. Ó jọ nǹkan kékeré, àmọ́ ẹ wò ó. Láìtẹ nǹkan kan, do-mi-sol. Tẹ A nìkan: do-mi-la, orin ti fajúro, ó ti bọ́ sí máínọ̀. Tẹ B nìkan: do-fa-sol, ohùn tó so rọ̀, tó ń wá ibi tó máa balẹ̀ sí. Tẹ méjèèjì: do-fa-la. Mẹ́rin nìyẹn lójú kan ṣoṣo, lábẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Pẹ́dálì méjèèjì sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ kan lè tẹ̀ wọ́n pọ̀, kí ọrùn ẹsẹ̀ sì yí díẹ̀ kí ọ̀kan lè tú ṣáájú èkejì. Inú àkókò kékeré yẹn, tí la ti sọ̀ tí fa ò tíì sọ̀, ni ẹkún tí gbogbo ayé ń sọ wà. Pẹ́dálì C àti àwọn irin tí orúnkún ń tì máa ń mú do fúnra rẹ̀ gòkè tàbí sọ̀. Ìlànà kan náà ni.

Onílù dùndún ti mọ apá kan ọgbọ́n yìí tipẹ́. Kọ̀ǹgọ́ ti lu awọ tán, ìró ṣì wà nílẹ̀, apá fún ọsán ìlù mọ́ra, ohùn gòkè, ọ̀rọ̀ jáde. Pẹ́dálì náà ń fa okùn le lẹ́yìn tí ìka ti ta á. Ṣùgbọ́n ohùn kan ni dùndún kan ní lẹ́ẹ̀kan náà. Ká ní onílù mẹ́ta jọ lu ìlù wọn pa pọ̀, tí ẹnì kìíní fún ọsán, tí ẹnì kejì fún tirẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tí ẹnì kẹta ò fún nǹkan kan, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wá jẹ́ èèyàn kan: ibi tí pedal steel dé nìyẹn. Ohun kan ṣì wà tí onílù fi ju onígìtá yìí lọ. Etí onílù ló ń sọ fún un ibi tí yóò fún ọsán dé, ti pẹ́dálì ti wà ní wíwọ̀n sílẹ̀. Ní ìdí gìtá, okùn kọ̀ọ̀kan gba orí irin kékeré kan tó lè yí. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan lábẹ́ gìtá so irin yẹn mọ́ pẹ́dálì. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀, irin yí, okùn le, ó sì níbi tó gbọ́dọ̀ dúró, bó ti wù kí ẹsẹ̀ lágbára tó. Bí ohùn bá ń kúrò ní mi lọ sí fa, kò lè kọjá ibẹ̀. Ìgbà tí ohùn máa gbéra àti bó ṣe máa yára tó ló kù sọ́wọ́ olórin, ìdí sì nìyẹn tí ìrìn ohùn rẹ̀ fi ń mọ́ gaara.

Kò yani lẹ́nu pé jùjú gbà á mọ́ra. Demola Adepoju ló ta á fún King Sunny Adé nínú àwo Juju Music lọ́dún 1982, láàárín ìlù tó ń sọ̀rọ̀, wọn ò sì takora rárá. Òun náà ló ta pedal steel inú orin “Graceland” tí Paul Simon gbé jáde lọ́dún 1986.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún ní iṣẹ́ tirẹ̀ lórí pẹ́dálì fólúùmù, èyí tó ń mú ìró ròkè tàbí kó rẹlẹ̀. Ìró okùn a máa kú díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí ìka bá ta á. Bó ṣe ń kú lọ ni ẹsẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ sókè, kí olùgbọ́ má bàa mọ̀ pé ó ń kú. Èyí ló jẹ́ kí Lloyd Green, tó ń ta pedal steel, lè máa gba inú gbogbo àlàfo tí akọrin fi sílẹ̀ nígbà tó bá ẹgbẹ́ olórin The Byrds ṣe àwo Sweetheart of the Rodeo ní Nashville lọ́dún 1968, tí ohùn kan á fi nà dé ibi tí ọ̀rọ̀ tó kàn ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rọ náà ní àbùkù. Bí pẹ́dálì bá ń fa okùn kan, ara gìtá a máa tẹ̀ díẹ̀ díẹ̀, àwọn okùn tí kò yẹ kó mira á sì rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé olúkúlùkù ló ń to pẹ́dálì tirẹ̀ bó ṣe wù ú. Sneaky Pete Kleinow, tó bá ẹgbẹ́ olórin The Flying Burrito Brothers ṣe àwo The Gilded Palace of Sin lọ́dún 1969, kò lo E9. Gìtá Fender olókùn mẹ́jọ ló ń ta, ìtò B6 ló wà lórí rẹ̀, ó sì ń fi fuzz, ẹ̀rọ tó ń da ìró gìtá rú, mú ohùn rẹ̀ há. Ẹni tó bá jókòó sídìí E9 láti kọ́ ohun tó ta nínú àwo yẹn máa ríbi tí ohùn kan kọ̀ tí kò jáde, bó ti wù kó gbìyànjú tó. Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n ta. Pẹ́dálì tó ń gbé ohùn yẹn ni kò sí lábẹ́ gìtá tirẹ̀.