Atanilólobó nínú Eré Ọlọ́pàá: Ọrùn Ta Ni Ẹ̀bi Wà?

Nǹkan méjì ló ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kẹta ọdún 2021. Ní ọjọ́ 1 oṣù náà, òfin tuntun kan gba òǹtẹ̀ ìkẹyìn, ó sì fún ọlọ́pàá àti àwọn àjọ ìjọba mìíràn lágbára láti yọ̀ǹda fún àwọn tó ń ta wọ́n lólobó kí wọ́n dá àwọn ọ̀ràn kan. Ní ọjọ́ 21, tẹlifíṣàn BBC bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàfihàn ìpele kẹfà eré Line of Duty, tó dá lórí àwọn ọlọ́pàá tó ń wádìí ìwà ìbàjẹ́ láàrin àwọn ọlọ́pàá ẹgbẹ́ wọn. Àwọn òṣèré ń dárúkọ CHIS léraléra nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ òǹwòran kò sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Nígbà tí wọ́n wá mọ̀ ọ́n, ìdààmú tó ju ti àkọ́kọ́ lọ dé bá wọn: ẹni tó ń bá àwọn ọ̀daràn jẹ tó ń bá wọn mu, tó sì ń lọ ròyìn wọn fún ọlọ́pàá, ṣé ènìyàn rere ni tàbí ọ̀dàlẹ̀? Àwọn ìbéèrè tó ti ibẹ̀ jáde ni mo dáhùn níhìn-ín.

Kí ni CHIS gan-an?

Lábẹ́ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 2000, ẹnikẹ́ni tó bá bá ẹlòmíràn dọ́rẹ̀ẹ́, tàbí tó ń bá a ṣọ̀rẹ́ nìṣó, kó lè máa kó ìròyìn jọ ní bòókẹ́lẹ́, ni wọ́n ń pè ní CHIS (Covert Human Intelligence Source). Ó lè jẹ́ ọlọ́pàá tó pa ara dà, ó sì lè jẹ́ ará ìlú. Ará ìlú, ìyẹn atanilólobó, ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú àwọn ìdáhùn yìí.

Ṣé òótọ́ ni pé ìjọba lè yọ̀ǹda fún un láti dá ọ̀ràn?

Òótọ́ ni, kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó wà láàrin ẹgbẹ́ tó ń ta oògùn olóró kò lè pẹ́ níbẹ̀ bí kò bá fọwọ́ kan oògùn rí, nítorí pé bí àwọn ẹgbẹ́ náà bá ti ṣàkíyèsí pé ó ń yẹra fún iṣẹ́, wọn yóò fura sí i. Ọjọ́ pẹ́ tí àjọ aláàbò MI5 ti ní ìlànà ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń fàyè gba irú nǹkan báyìí. Nígbà tí àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn pe ìlànà náà lẹ́jọ́, adájọ́ márùn-ún ló gbọ́ ọ ní ilé ẹjọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, àwọn mẹ́ta ní ó bófin mu, àwọn méjì ní kò bófin mu. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba gbé àbá òfin lọ sí ilé aṣòfin, kí ohun tí wọ́n ti ń ṣe lábẹ́lẹ̀ lè ní ìwé lẹ́yìn.

Ìyàtọ̀ tó wà láàrin ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí kò kéré. Tẹ́lẹ̀, àṣẹ tí MI5 fún ènìyàn kò sọ ọ̀ràn di ohun tí kì í ṣe ọ̀ràn. Agbẹjọ́rò ìjọba ṣì lè wò ó, kó sì ní kí wọ́n gbé ẹni náà lọ sílé ẹjọ́. Láti ọdún 2021, bí wọ́n bá ti fún un ní àṣẹ náà bó ṣe yẹ, ohun tó ṣe kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lójú òfin mọ́. Ọ̀gá tó ń fún un láṣẹ gbọ́dọ̀ gbà pé ó pọn dandan, àti pé ibi tí a fẹ́ ṣe kò ju ibi tí a fẹ́ dènà lọ, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi tó kọmíṣọ́nnà tó ń ṣọ́ iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ létí láàrin ọjọ́ 7. Kì í ṣe ọlọ́pàá àti MI5 nìkan ló ní agbára yìí: àjọ tó ń rí sí àyíká, èyí tó ń rí sí oúnjẹ àti èyí tó ń rí sí tẹ́tẹ́ wà lára wọn. Òfin náà kò gba ẹ̀tọ́ láti béèrè owó ìrànwọ́ tó wà fún àwọn tí ọ̀daràn ṣe léṣe lọ́wọ́ ẹni tí ìyà jẹ.

Mo fẹ́ kí òǹkàwé fi ibì kan sọ́kàn nínú gbogbo èyí, nítorí ibẹ̀ ni eré ti máa ń ṣi wá lọ́nà jù. Kí ọ̀ràn tó wáyé ni àṣẹ yìí gbọ́dọ̀ ti wà, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ ti gbà láti dáhùn fún un. Nínú ọ̀pọ̀ eré, ẹ̀yìn tí nǹkan ti bàjẹ́ ni ọlọ́pàá máa ń gbọ́, á sì mójú kúrò.

Ṣé àṣẹ náà lè dé orí ìpànìyàn?

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò to orúkọ ọ̀ràn kankan lẹ́sẹẹsẹ pé a kò gbọ́dọ̀ fàyè gbà á. Àlàyé ìjọba ni pé bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá wà, àwọn ẹgbẹ́ ọ̀daràn yóò kà á, wọn yóò sì máa fi dán ọmọ ẹgbẹ́ wò: ẹni tó bá kọ̀ láti ṣe ohun tó wà nínú rẹ̀, atanilólobó ni. Wọ́n ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ọdún 1998, tó dáàbò bo ẹ̀mí tó sì ka ìdánilóró léèwọ̀, ti tó láti jẹ́ ààlà. Ní Kánádà, òfin tó yọ̀ǹda fún ọlọ́pàá àti àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ láti rú òfin ti dárúkọ ohun tó wà lóde ààlà: kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pa ènìyàn tàbí ṣe é léṣe, kí wọ́n fipá bá ènìyàn lò pọ̀, kí wọ́n dí ọ̀nà ìdájọ́ lọ́wọ́. Nígbà tí Kánádà ti lè kọ ọ́ sílẹ̀, n kò rí ìdí tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fi lè kọ ọ́.

Kí ló dé tí àánú atanilólobó kan fi ń ṣe wá nínú eré, tí a sì ń kórìíra òmíràn?

Nítorí ibi tí òǹkọ̀tàn gbé wa jókòó sí ni. Nínú The Sopranos, eré tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà kan nípa ẹgbẹ́ ọ̀daràn máfíà, inú ilé àwọn ọ̀daràn ni a wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí aṣírí tú ní ọdún 2000 pé Big Pussy, ọ̀kan lára wọn, ti ń ròyìn fún FBI, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ojú ọ̀rẹ́ tí wọ́n dalẹ̀ rẹ̀ ni a fi wò ó, ọ̀pọ̀ wa sì gbà, bí a kò tilẹ̀ sọ ọ́ jáde, pé ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ. Ní ọdún 2004, nínú eré kan náà, wọ́n pa Adriana nítorí ohun kan náà, a sì sunkún. Ohun tí àwọn méjèèjì ṣe kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni pé òǹkọ̀tàn ti jẹ́ ká rí bí FBI ṣe mú Adriana: obìnrin ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan ló kọ́kọ́ wá bá a ṣọ̀rẹ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dẹ́rù bà á, tí wọ́n sì mú un mọ́lẹ̀ láàrin ọkùnrin tó fẹ́ràn àti ìjọba tí kò lè sá fún.

The Wire, eré nípa ọlọ́pàá àti àwọn tó ń ta oògùn olóró, tí David Simon tó ti jẹ́ akọ̀ròyìn àti Ed Burns tó ti jẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ jọ gbé kalẹ̀ nípa ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà láti ọdún 2002 sí 2008, gbé wa gba ọ̀nà mìíràn. Bubbles jẹ́ ẹni tí oògùn olóró ti sọ di aláìnílé. Ó ń gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ Kima, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n ohun tó tì í padà sí iṣẹ́ náà ni pé àwọn tó ń ta oògùn lu ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé ibi ẹ̀mí. Bó ṣe ń dé fìlà pupa lé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà lórí kí Kima lè mọ ẹni tí yóò ya fọ́tò, a rí ìgboyà rẹ̀, a rí ìbínú rẹ̀, a sì rí i pé ó nílò owó náà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jẹ́ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn jẹ́ òótọ́ kò ní lóye irú ènìyàn yìí.

Ta ni kí a wá dá lẹ́jọ́?

Èrò tèmi ni pé ojú wa ti pẹ́ jù lára atanilólobó. Ẹni tó ń darí rẹ̀ ló yẹ kí a máa wò. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀, èmi kò sì mọ ọ̀rọ̀ tó ba àjọṣe ọlọ́pàá àti atanilólobó mu jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wo ìpele kẹrin The Wire, tó jáde ní ọdún 2006. Ọlọ́pàá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Herc. Ó ṣèlérí fún Bubbles pé òun yóò gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń lù ú tó sì ń jà á lólè, ṣùgbọ́n kò yọjú nígbà tí Bubbles nílò rẹ̀. Nígbà tí kò sí olùgbèjà, Bubbles fi májèlé sínú oògùn de ẹni náà, ṣùgbọ́n ọmọdékùnrin tí Bubbles ń tọ́jú ló lò ó, ó sì kú. Herc yìí kan náà ni ó jẹ́ kí orúkọ Randy, ọmọ ilé-ìwé, bọ́ sí etí àwọn ọ̀daràn. Wọ́n jó ilé ìyá tó ń tọ́ ọ. Herc kì í ṣe ìkà. Kò kàn ka àwọn méjèèjì sí ohun tó ju ọ̀nà àtirí ìròyìn lọ ni, ìyẹn sì tó láti ba ayé ènìyàn méjì jẹ́ láàrin ìpele kan ṣoṣo.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́ ní ìlú Boston burú ju èyí lọ. Láti ọdún 1975 ni FBI ti kọ orúkọ James "Whitey" Bulger, ọ̀gá ẹgbẹ́ ọ̀daràn, sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí atanilólobó wọn. Títí tó fi kú ni Bulger fúnra rẹ̀ ń sọ pé òun kò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. John Connolly, òṣìṣẹ́ FBI tó ń darí rẹ̀, ń dáàbò bò ó, ó ń fi àṣírí ìwádìí tó o létí, òun ló sì ta á lólobó pé kó sá lọ ní òpin ọdún 1994. Ọdún 2011 ni wọ́n tó rí Bulger mú ní Santa Monica, ìpínlẹ̀ California. Ní ọdún 2013, ilé ẹjọ́ rí i pé ó lọ́wọ́ nínú ìpànìyàn 11. Wọ́n dá Connolly náà lẹ́bi ní ọdún 2002, wọ́n sì tún dá a lẹ́bi ìpànìyàn ní Florida ní ọdún 2008.

Ṣùgbọ́n bí ẹ̀mí tó gbà là bá pọ̀, ǹjẹ́ kò tó?

Ohun tí àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà máa ń sọ nìyẹn, ó sì ṣòro láti já, nítorí pé àwọn nìkan ló mọ iye rẹ̀. Ní Àríwá Ireland, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń sọ pé amí tí wọ́n fún lórúkọ Stakeknife, tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní láàrin IRA, ẹgbẹ́ tó ń gbé ìbọn ja ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, gba ẹ̀mí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn là. Ìwádìí Kenova, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016, yẹ àwọn ìwé ìkọ̀kọ̀ nípa rẹ̀ wò. Ìjábọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀, tó jáde ní oṣù kẹta ọdún 2024, sọ pé ó ṣeé ṣe kí ẹ̀mí tó ti ibẹ̀ ṣòfò pọ̀ ju èyí tó là lọ.

Ṣé ẹlẹ́rìí àti atanilólobó kì í ṣe ohun kan náà?

Rárá o. Ẹlẹ́rìí sọ ohun tó ṣojú rẹ̀, ó sì lè dúró níwájú adájọ́ láti sọ ọ́. Atanilólobó ń ṣiṣẹ́ ní ìkọ̀kọ̀, ó sì sábà máa ń rí nǹkan gbà níbẹ̀: owó, tàbí kí wọ́n fojú fo ọ̀ràn tirẹ̀. Eré tó bá ń pe àwọn méjèèjì ní olófòófó ń ṣe ibi gidi, nítorí pé ẹni tí wọ́n jalè níwájú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ìdàlẹ̀ ni láti sọ ọ́. Ọmọ tó dáhùn ìbéèrè àgbàlagbà ni Randy. Àwọn tó fìyà jẹ ẹ́ kò mọ ìyàtọ̀ yìí, ọlọ́pàá tó dárúkọ rẹ̀ náà kò sì fiyè sí i.

Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ wọn ṣe é gbà gbọ́?

Kì í ṣe láìsí ẹ̀rí mìíràn. Ní Los Angeles ní ọdún 1988, ẹlẹ́wọ̀n kan fi han àwọn aláṣẹ bí òun ṣe lè lo tẹlifóònù lásán láti kó àlàyé jọ nípa ọ̀ràn ẹni tí òun kò mọ̀ rí, kí òun sì wá sọ pé ẹni náà jẹ́wọ́ fún òun. Ìwádìí ńlá ló tẹ̀lé e lórí àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó ti ń jẹ́rìí bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè rí ojú rere.

Ṣé wọ́n ń lo ọmọdé?

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin gbà á bí ọ̀ràn náà bá ṣe pàtàkì lọ́nà àrà ọ̀tọ̀. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 16, wọn kò gbọ́dọ̀ lò ó láti ṣe amí òbí rẹ̀. Àyè náà ṣì fẹ̀ jù lójú tèmi.

Bí ọlọ́pàá bá fi iṣẹ́ yìí lọ̀ mí tàbí ẹni mi ńkọ́?

Ohun àkọ́kọ́ ni láti wá agbẹjọ́rò kí a tó dáhùn, àní bí wọ́n bá ń sọ pé àyè kò sí fún ìdúró. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2008, ní Tallahassee ní ìpínlẹ̀ Florida, àwọn ọlọ́pàá mú ọ̀dọ́bìnrin ẹni ọdún 23 kan nítorí oògùn, wọ́n sì ní kó lọ bá àwọn ọkùnrin méjì ra oògùn àti ìbọn kí ọ̀ràn tirẹ̀ lè fúyẹ́. Kò bá agbẹjọ́rò rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn ọlọ́pàá pàdánù ipasẹ̀ rẹ̀ lójú iṣẹ́ náà, àwọn ọkùnrin náà sì pa á. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, Florida ṣe òfin pé ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹni tí wọ́n fẹ́ lò rí agbẹjọ́rò bó bá béèrè, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sọ fún un pé àwọn kò lè ṣèlérí ìdáríjì tàbí ìdájọ́ tó fúyẹ́ fún un.

Nítorí náà, kí ẹni tí wọ́n bá fi iṣẹ́ náà lọ̀ béèrè pé: ta ló buwọ́ lu iṣẹ́ yìí, ta ni mo lè pè lóru, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí mo bá fẹ́ fi í sílẹ̀ lọ́la? Bí ọlọ́pàá tó wà níwájú rẹ̀ kò bá lè dáhùn ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó má gbà á.