Kí ni ọmọ náà ṣe gan-an?

Ní iléèwé ìjọba tí mo ti ń ṣe olùdámọ̀ràn akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, ìwé ẹ̀sùn tó máa ń kọ mí lóminú jù ni èyí tí wọ́n kàn kọ “àìgbọràn” tàbí “àfojúdi” sí. Ẹ ó kà á tán, ẹ kò ní mọ ohun tí ọmọ ṣe. Ohun tí olùkọ́ rò nípa rẹ̀ nìkan lẹ ó mọ̀.

Edward Morris, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá ní Yunifásítì Kentucky, ti pẹ́ lẹ́nu ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2017, òun àti Brea Perry gbé ìwádìí jáde pé bí wọ́n bá fi ẹjọ́ ọmọbìnrin funfun kan sun ọ́fíìsì, ti ọmọbìnrin dúdú á tó ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Àìgbọràn, ìdíwọ́ kíláàsì àti ìmúra wà lára ẹ̀sùn tí ìyàtọ̀ náà ti hàn jù, ìyẹn àwọn tó jẹ́ pé bí olùkọ́ bá ṣe rí i ló ṣe ń dá a.

Kò tètè hàn sí aráyé, nítorí àwọ̀ lọ́tọ̀ ni wọ́n ń kà, akọ àti abo lọ́tọ̀. Ẹni tó ń ka àwọ̀ á gbájú mọ́ àwọn ọmọkùnrin dúdú. Ẹni tó ń ka akọ àti abo á ní àwọn ọmọbìnrin kì í ṣe ìjàngbọ̀n. Ọmọbìnrin dúdú há sáàárín. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ pa méjèèjì pọ̀ fún ọdún ẹ̀kọ́ 2017 sí 2018, ìdá 7.4 nínú ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n kó ìdá 13.3 nínú àwọn tí wọ́n dá dúró sílé.

Ti àwa Yorùbá tún ní tirẹ̀. A kọ́ ọmọ pé kò gbọdọ̀ ranjú mọ́ àgbà tó ń bá a wí. Olùkọ́ ibí ń sọ pé “wò mí lójú,” ọmọ dojú bolẹ̀, ó di pé kò fetí sílẹ̀. Ìwé délé, àwa náà kọ́kọ́ na ọmọ ká tó béèrè ọ̀rọ̀. Ó ń dùn mí. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Láti 1975 ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ níbí ti sọ pé iléèwé ìjọba gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀sùn fún ọmọ, kí wọ́n sì gbọ́ tẹnu rẹ̀, kí wọ́n tó dá a dúró, àyàfi tí ewu bá wà níbẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ kan tó jáde ní 1974 tún fún òbí láṣẹ láti rí àkọsílẹ̀ ọmọ rẹ̀ láàárín ọjọ́ 45.

Nítorí náà, ẹ fi ìwé béèrè. Ọjọ́ wo? Ọ̀rọ̀ wo ló jáde lẹ́nu rẹ̀? Ẹlòmíràn tó ṣe irú rẹ̀ ńkọ́? Ẹ ní kí wọ́n fi iye àwọn tí wọ́n dá dúró lọ́dún tó kọjá hàn yín. Bí wọ́n bá kó ti àwọ̀ wá lọ́tọ̀, ti akọ àti abo lọ́tọ̀, ẹ dá a padà, kí wọ́n lọ pa á pọ̀.