Ẹ Bọ́ Ẹ̀gbà Ọwọ́ Yín Kí Ẹ Tó Wọlé

Gbogbo àlejò tó bá wọ yàrá iṣẹ́ wa, ìbéèrè kan náà ni: "Fìríìjì tí ẹ fi ń mú átọ́ọ̀mù tutù dà?" Kò sí fìríìjì níbẹ̀ o. Iná lésà ni. Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu fẹ́ẹ̀ bó.

Òtútù tí à ń wí, kí átọ́ọ̀mù dẹ́kun eré ni. Oru rubidium (irú irin kan) tí kò gbóná ju afẹ́fẹ́ inú yàrá lọ, átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ ń sáré tó mítà 300 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. A ó tan lésà sí i lọ́tùn-ún lósì, níwájú lẹ́yìn, lókè nílẹ̀. Ibi yòówù kó sá sí, iná á tì í padà, títí eré yóò fi di ìrákòrò, sẹ̀ǹtímítà mélòó kan péré. Steven Chu, Claude Cohen-Tannoudji àti William Phillips gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1997, ẹ má pè é ní idán.

Lẹ́yìn náà la ó jù wọ́n sílẹ̀, ká fi wọ́n wọn bí ilẹ̀ ṣe ń fa nǹkan. Bí wọ́n bá pẹ́ ní ìlọ́po 2 kí wọ́n tó balẹ̀, ojú ẹ̀rọ á mú ní ìlọ́po 4. Èyí tó gbóná á ti fọ́n ká kó tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Irú ẹ̀rọ yìí ni Yunifásítì Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi rí ihò abẹ́ ilẹ̀ kan láì gbẹ́ ilẹ̀. 2022 ni wọ́n tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde.

Ìyẹn ò le. Mágínẹ́ẹ̀tì ló ń dùn mí. Ẹ fojú abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì wo átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan. Àga onírin, kọ́kọ́rọ́ inú àpò, ẹ́lífétọ̀ tó ń gòkè lẹ́yìn ògiri, gbogbo rẹ̀ ló ń dà á láàmú. Irin àkànṣe la fi bò ó, ìpele lórí ìpele. Síbẹ̀ ẹnìkan á fẹ́ gbé fóònù lé e lórí!

Ọkùnrin kan wá lọ́jọ́ kan, ó ń ta ẹ̀gbà ọwọ́ "kùántúmù" (orúkọ ìmọ̀ nípa ìṣesí àwọn ohun tó kéré bí átọ́ọ̀mù) tó ní ó ń wo ẹ̀yìn ríro. Ó fẹ́ kí n jẹ́rìí sí i. Kò sí kùántúmù kankan nínú irọ́ yẹn. Ibi tó ti ń rojọ́, ó nawọ́ sún mọ́ ẹ̀rọ tí a ò tíì bò lọ́jọ́ náà. Àmì funfun àárín kọ̀ǹpútà, ìyẹn àwọn átọ́ọ̀mù wa, yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó fawọ́ sẹ́yìn, ó padà. Ó tún nà án, ó tún yẹ̀. Mágínẹ́ẹ̀tì kékeré ni wọ́n rán sínú ẹ̀gbà náà.

"Ọ̀gá, ẹ ò rí i pé ó ń ṣiṣẹ́!"

Iṣẹ́ àárọ̀ kan ṣòfò. Ó ní ṣé òun lè ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà náà fún àwọn oníbàárà òun. Mo ṣílẹ̀kùn fún un.