Ẹni tó ń padà sídìí oúnjẹ: aago ni kẹ́ ẹ máa wò, kì í ṣe ebi

Nílẹ̀ Èkìtì, ẹni tó bá rù, iyán la kọ́kọ́ máa ń rò fún un. Ìyá á gún un kó kúnná, á bu ọbẹ̀ ẹ̀gúsí sí i, á wá jókòó tì í pé àfi kó jẹ ẹ́ tán. Ìfẹ́ ni, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹni tí wọ́n ń fún lóúnjẹ yìí ti ń febi pa ara rẹ̀ láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn kó má baà sanra, tàbí ó ń jẹun tán ó ń lọ bì í ní bàlùwẹ̀, àwo iyán ńlá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lè gbé e dé ilé ìwòsàn.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá aláìsàn ṣètò oúnjẹ, níbí ní Adó-Èkìtì. Àwọn tí mò ń rí kì í sábà pe àìsàn yìí, ìyẹn àìsàn ségesège ìjẹun (eating disorder), lórúkọ. Wọ́n á ní ọ́sà (ọgbẹ́ inú) ni. Òmíràn á ní ààwẹ̀ ni, ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta tó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tó máa parí. Òmíràn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń mu tíì tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ó ń fa ikùn wọlé. Ohun yòówù kó fà á, ọ̀nà tí oúnjẹ á gbà padà sínú ara kò yàtọ̀ púpọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara náà. Nígbà tóúnjẹ kò bá wọlé, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í jó ọ̀rá àti iṣan tirẹ̀ láti fi gbéra. Bó ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀ ló ń ná èròjà phosphate, potassium àti magnesium tó ti kó pamọ́. Tí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lásìkò yẹn, ó ṣeé ṣe kí gbogbo ẹ̀ ṣì dà bíi pé ó pé. Ọjọ́ tí iyán tàbí ìrẹsì bá wá ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ínsúlínì (èròjà tí ara fi ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọnú sẹ́ẹ̀lì) á ròkè, á sì máa kó ìwọ̀nba èyí tó kù kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọnú sẹ́ẹ̀lì. Ìgbà yẹn gan-an ni àìtó wọn á tó hàn. Ọkàn ò ní lè lù bó ṣe yẹ, ẹsẹ̀ á wú, mímí á máa ṣòro, iyè èèyàn lè dàrú, gìrì lè mú un. Ó máa ń pa èèyàn. Fítámì B1 náà wà lára ohun tó máa ń tán, torí ara nílò rẹ̀ láti fi lo táàṣì, irú èyí tó wà nínú iyán àti ìrẹsì. Lópin Ogun Àgbáyé Kejì, ní 1945, làwọn dókítà rí i kedere: àwọn tí ebi ti pa gan-an nígbà ogun ń rí oúnjẹ jẹ, wọ́n sì ń kú lẹ́yìn tí wọ́n ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tá. Refeeding syndrome ni wọ́n ń pè é, ìyẹn àìsàn tí oúnjẹ tó padà wọlé lójijì ń fà. Ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ ló léwu jù, àmọ́ ọ̀sẹ̀ méjì la fi ń ṣọ́ ọ.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó rù ni èyí ń bá jà o. Ẹni tó yẹ ká bẹ̀rù fún ni ẹni tí BMI rẹ̀ (nọ́ńbà tí wọ́n ń fi gíga àti ìwúwo ṣírò) kò tó 16, tàbí ẹni tó ti lo ọjọ́ tó lé ní 10 láìfi nǹkan gidi sẹ́nu, tàbí ẹni tó ti sọ ju ìdá 15 nínú 100 ìwúwo rẹ̀ nù láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Ọ̀kan péré nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti tó láti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, ìbáà jẹ́ èyí tó wà ní Adó tàbí èyí tó wà ní Ìdó-Èkìtì. Níbẹ̀, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n á fún un ní B1 kí oúnjẹ tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n lè má kọjá kálórì (ìwọ̀n agbára inú oúnjẹ) 10 fún kílò kan ara rẹ̀ lójúmọ́ níbẹ̀rẹ̀, ìyẹn 400 fún ẹni tó wọn kílò 40, kí wọ́n tó máa fi kún un láàárín ọjọ́ mẹ́rin sí méje. Kò séèyàn tó yẹ kó dán ìyẹn wò nílé. Iná tó ti ń kú lọ, a kì í gbé ìtì igi lé e lórí. Igi wẹ́wẹ́ la fi ń tún un dá, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ jókòó tì í.

Ohun tó ń bí mi nínú ju ìyẹn lọ ni òdìkejì rẹ̀. Àwọn kan á gbọ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni, wọ́n á wá jókòó sórí díẹ̀ náà. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, ògì ife kan àti bisikíìtì ṣì ni, inú gbogbo ilé á sì máa dùn pé "ó kúkú ń jẹun." Ní Yunifásítì Minnesota, ní Amẹ́ríkà, láàárín 1944 sí 1945, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Ancel Keys, àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ dín oúnjẹ àwọn ọkùnrin 36 tára wọn le, tí wọ́n sì yọ̀ǹda ara wọn, kù sí nǹkan bí ìdajì fún ọ̀sẹ̀ 24. Oúnjẹ gba gbogbo ọkàn wọn. Wọ́n ń fi ìwé ìdáná ṣe ìwé kíkà, wọ́n ń lá àwo. Nígbà tí wọ́n wá ń dá oúnjẹ padà fún wọn, Keys rí i pé àfikún kékeré kò gbé wọn dìde; ó ní àgbàlagbà tó ti rù bẹ́ẹ̀ nílò nǹkan bí kálórì 4,000 lójúmọ́ fún oṣù mélòó kan kí ẹran ara tó padà. Ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni díẹ̀díẹ̀ wà fún.

Ẹni tí dókítà bá ti ní kó máa ṣe é nílé, aago ni kó fi ṣe olórí. Oúnjẹ gidi mẹ́ta, ìpanu mẹ́ta, wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta síra wọn, yálà ebi ń pa á tàbí kò pa á. Ebi rẹ̀ kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Tó bá ń dúró dè é, ilẹ̀ á ṣú.

Ìyá kan tó mú ọmọ rẹ̀ wá láti Ìjerò sọ fún mi pé, "Ẹ bá mi bá a wí, Mà. Mo gúnyán, mo fẹran mẹ́ta sí i, òkèlè méjì ló mú tó ní inú òun ti kún." Ọmọ náà wolẹ̀, kò fèsì. Mo sọ fún Màmá pé kò parọ́. Ikùn tí kò ríṣẹ́ ṣe fún ìgbà pípẹ́ kì í tètè da oúnjẹ kalẹ̀ sínú ìfun, òkèlè méjì náà lè ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta. Á wú, á máa run ún, á máa yàgbẹ́ líle. Bóúnjẹ bá ń wọlé déédéé, ó máa ń rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Nítorí náà, ẹ má tíì fẹ àwo náà, ohun tó wà nínú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó lágbára sí i. Ògì ife kan tí wọ́n fi omi àti ṣúgà nìkan pò, kò ní ohun tó pọ̀ nínú. Ẹ po ife kan náà nípọn díẹ̀, kẹ́ ẹ da mílíìkì oníyẹ̀fun ṣíbí ìjẹun méjì sí i, kẹ́ ẹ ro ẹ̀pà lílọ̀ ṣíbí kan mọ́ ọn nígbà tó ṣì gbóná kó má baà dì. Ẹ̀pà yẹn nìkan tó nǹkan bíi kálórì 95. Òróró ṣíbí ìjẹun kan nínú ọbẹ̀ jẹ́ 120, ẹyin kan nǹkan bíi 70. Ẹyin kan pẹ̀lú ṣíbí òróró kan ti sún mọ́ 200, ibi tí mo sì máa ń fi àfikún sí nìyẹn, 200 sí 300 lẹ́ẹ̀kan. Tó bá fara dà á fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, a tún fi kún un. Mọ́ínmọ́ín tí wọ́n bó èèpo ẹ̀wà rẹ̀ dáadáa máa ń rọ ikùn lọ́rùn ju ẹ̀wà sísè lọ. Ẹ̀fọ́ dára, àmọ́ ẹ jẹ́ kó kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran àti òróró nísinsìnyí, torí ó máa ń gba ààyè láìmú agbára wá. Omi náà, ẹ jẹ́ kó di ẹ̀yìn oúnjẹ. Iyán ńkọ́? Iyán ń bọ̀. Òkèlè mẹ́rin lọ́sàn-án lọ́sẹ̀ yìí, mẹ́fà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kò séèwọ̀ kankan nínú rẹ̀.

Ìdajì kílò lọ́sẹ̀ ni mo sábà máa ń fojú sọ́nà fún. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ìwọ̀n lè fò sókè torí omi tí ara ń dì mú, kì í ṣe ọ̀rá, òógùn òru náà lè pọ̀. Ẹ gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n kúrò nílé. Ẹ jẹ́ kó máa gun tiwa nílé ìwòsàn, kó kọ ẹ̀yìn sí nọ́ńbà náà tó bá wù ú. Ẹ sì bá mi kìlọ̀ fáwọn àǹtí àti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. "Àh, o ti wá ń kún o!" Ẹni tó sọ ọ́ gbà pé òun ń yìn ín ni. Mo ti rí ẹni tí gbólóhùn yẹn dá padà sí ọjọ́ kìíní.

Ẹni tó máa ń bì, ẹ wá nǹkan bá a ṣe fún wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ: ẹ jọ ṣa ẹ̀wà, ẹ jọ wo fíìmù, ṣáà má jẹ́ kó dá wà. Tó bá sì bì, omi ni kó fi yọnu, kó má fi búrọ́ọ̀ṣì kan eyín lójú ẹsẹ̀, torí ásíìdì (omi kíkan inú ikùn) ti sọ ojú eyín di rírọ̀. Èébì lemọ́lemọ́ ń fa potassium sílẹ̀, kódà lára ẹni tí kò rù rárá. Ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún un bó ti wù kó sanra tó.

Tí ẹsẹ̀ bá wú, tí ọkàn ń sáré tàbí ń fò, tí èémí há, tí ó ń sọ̀rọ̀ tí kò lórí, tàbí tó dákú, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́. Ẹ kọ ohun tó ti jẹ láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn sínú ìwé, bó ti wù kó kéré tó, àti oògùn tàbí tíì yòówù tó ń lò, kẹ́ ẹ sì mú un dání fún dókítà.