Oyún ṣíṣẹ́ nílẹ̀ Òkun: kí ni "láti gba ẹ̀mí obìnrin náà là" túmọ̀ sí nínú òfin?

Lọ́dọ̀ àwa Òkun, àwọn Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, ní Kábà, ní Ìsánlú, ní Ẹ̀gbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ oyún ṣíṣẹ́ bá ti délẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń sọ ni pé òfin kò fàyè gbà á rárá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òfin yọ ohun kan ṣoṣo sílẹ̀, ìyẹn bí oyún bá fẹ́ pa ẹni tó gbé e. Ó ń dùn mí pé ẹ̀wọ̀n inú òfin yìí làwọn èèyàn mọ̀, wọn ò mọ ìgbàlà tó wà nínú rẹ̀.

Yorùbá ni wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfin ìwà ọ̀daràn tiwa kò bá ti Èkó àti Ìbàdàn dọ́gba. Abẹ́ Ẹkùn Àríwá ni wọ́n kó wa sí nígbà tí wọ́n ń pe agbègbè wa ní Kabba Province. Penal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí Àríwá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1960, ló bá wa dé Kwara, òun náà ló bá wa wọ Kogí ní 1991. Ẹni tó wọkọ̀ láti Ìyámoyè lọ sí Òmùò-Èkìtì ti bọ́ sílẹ̀ tí òfin rẹ̀ ṣẹ̀ wá láti inú Criminal Code ti Gúúsù, bẹ́ẹ̀ kò tíì rìn jìnnà.

Abala 232 nínú Penal Code ni ká wò. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba oyún jẹ́ lára obìnrin lè ṣẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 14, tàbí kó san owó ìtanràn, tàbí méjèèjì, àfi bó bá ṣe é pẹ̀lú òótọ́ inú láti gba ẹ̀mí obìnrin náà là. "Ẹnikẹ́ni" yẹn kò yọ dókítà sílẹ̀, kò yọ ẹlẹ́kẹ́míìsì sílẹ̀, kò yọ obìnrin fúnra rẹ̀ sílẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣi òfin yìí gbọ́ ni "òótọ́ inú". Penal Code kan náà sọ pé ohun tí a ṣe láìfara balẹ̀, láìkíyè sára, kì í ṣe ohun tí a fi òótọ́ inú ṣe. Nítorí náà, àánú nìkan ò tó. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́, tó ń ro nǹkan mu fún ọmọbìnrin nínú yàrá ẹ̀yìn, kò lè fi àánú gbèjà ara rẹ̀. Ẹ wá wo dókítà tó yẹ obìnrin wò, tó rí i pé ojú ọ̀nà tó lọ sí ilé ọmọ ni oyún dúró sí, kò dénú ilé ọmọ. Irú oyún bẹ́ẹ̀ lè bẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ máa dà sínú títí ìyá yóò fi kú. Bí dókítà yìí bá gbé e lọ sí tíátà, kò rú òfin Kogí.

Ohun kejì tún wà, èmi gan-an rò pé ó ṣe pàtàkì jù. Títọ́jú obìnrin tí oyún ti bàjẹ́ lára rẹ̀ kì í ṣe oyún ṣíṣẹ́, ohun yòówù kó bà á jẹ́. Abala 20 nínú òfin ètò ìlera orílẹ̀-èdè, ti 2014, tilẹ̀ sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún ilé ìwòsàn láti kọ ìtọ́jú pàjáwìrì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá àti àǹtí, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára ọmọ yín, ẹ má fi í pamọ́ sílé nítorí ìbẹ̀rù ọlọ́pàá. Ẹ gbé e lọ.

Kò sí ìfipábánilòpọ̀ nínú ohun tí abala 232 yọ sílẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1938, dókítà Aleck Bourne ṣẹ́ oyún fún ọmọ ọdún 14 tí àwọn sójà fipá bá lò pọ̀, wọ́n sì dá a láre, nítorí adájọ́ sọ pé bí ara tàbí ọpọlọ obìnrin yóò bá bàjẹ́ pátápátá, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí náà nìyẹn. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tẹ̀ lé èrò yẹn lọ́dún kan náà nínú ẹjọ́ Edgal, àwọn agbẹjọ́rò Gúúsù sì ń fà á yọ. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀mí nìkan ni òfin dárúkọ.

Ṣé ó tọ́, yàtọ̀ sí ohun tí òfin sọ? Ìjọ Kátólíìkì sọ pé èèyàn ni ọmọ inú láti ọjọ́ tí oyún ti dúró, wọn ò sì fọwọ́ sí i kí a dìídì pa á fún ìdí kankan. Wọ́n gba ìtọ́jú tí a fi wo ìyá sàn, bí kì í bá ṣe ikú ọmọ la lépa. Láàárín àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí, àwọn kan ka 120 ọjọ́ kí ẹ̀mí tó wọlé sára ọmọ. Àwọn mìíràn ní obìnrin ló ni ara rẹ̀, pé ìfòfindè kò dá oyún ṣíṣẹ́ dúró, kọ̀rọ̀ ló ń lé e lọ. Àdúrà wa ni ká gbóhùn ìyá, ká gbóhùn ọmọ. Ṣùgbọ́n bọ́mọ bá lọ tí ìyá yè, àwọn àgbà máa ń ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Èmi fara mọ́ àwọn àgbà: níbi tí a kò ti lè rí méjèèjì gbà là, ìyá ni ká dì mú.

Nàìjíríà fìdí ìwé àdéhùn Maputo, tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣe lórí ẹ̀tọ́ obìnrin, múlẹ̀ ní 2004. Ìwé yẹn fàyè gba oyún ṣíṣẹ́ nítorí ìfipábánilòpọ̀, ìbálòpọ̀ láàárín ìbátan àti ìlera ìyá. Ṣùgbọ́n abala 12 nínú ìwé òfin 1999 sọ pé àdéhùn òkèèrè kò di òfin títí ilé aṣòfin àpapọ̀ yóò fi sọ ọ́ di òfin. Ẹni tó bá fẹ́ kí abala 232 gbòòrò sí i, àti ẹni tó bá fẹ́ kó wà bó ṣe wà, aṣojú Yàgbà, Ìjùmú, Mọ̀pàmúrò àti Kábà-Bùnú nílé aṣòfin ní Lọ́kọ́ja ni kó lọ bá sọ ọ́.